Àkísà Ẹsẹ̀ Adìẹ

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Láídé fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó sì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: òun ni ó ń rí i pé páálí kọ̀ọ̀kan ní àkọlé lára kí ó tó jáde lẹ́nubodè. Páálí tí kò bá ní àkọlé kò gbọdọ̀ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ni ó gbé e. "Ohun tí kò bá ní àmì kò ní olówó" ni ó máa ń wí, àwọn awakọ̀ a sì máa sín in jẹ bí wọ́n bá ti rí ẹ̀wù iṣẹ́ pupa rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Jimoh ni ó ń sín in jẹ jù. Òun ni ó ń wa ọkọ̀ kékeré tí ń fi irin méjì gbé ẹrù sókè nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹgbẹ́ ni òun àti Láídé, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n, nítorí náà kò sí ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ sí i.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, tí wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró, Jimoh wá iṣẹ́ dé Ọgbà, kò rí; Láídé kọ lẹ́tà mẹ́fà sí ọ́fíìsì ìjọba ní Aláúsá, kò gbọ́ èsì ẹyọ kan. Ní ọjọ́ kan tí gbogbo rẹ̀ sú wọn, wọ́n wọkọ̀ láti Agége lọ kí Ìyá Hàmdálàt. Ìyá yìí ti fi ọdún gbọọrọ se ẹ̀wà fún àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wọn kí ó tó fẹ̀yìn tì sí Abúlé Ìdí-Ìyeyè, lẹ́yìn Agége, níbi tí ọ̀dà ti tán lójú ọ̀nà tí oko ẹ̀gẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Inú ọ̀fọ̀ ni wọ́n bá a. Ewúrẹ́ rẹ̀ kan ti kú ní àná, nígbà tí wọ́n sì la ikùn rẹ̀, ọ̀rá omi mẹ́sàn-án ni wọ́n kà níbẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ààtàn kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni nígbà tí òun wà ní ọmọge ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ àti eérú ni wọ́n ń dà síbẹ̀, bí ọdún bá sì yí po, gbogbo rẹ̀ a di ilẹ̀dú tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rá àti ike àti agolo ti wọ inú ààtàn báyìí. Wọn kì í jẹrà. Òjò ń gbé wọn lọ sínú odò. Bí a bá sì sun wọ́n, èéfín wọn ń mú àwọn ọmọ húkọ́. Ọkọ̀ akópàǹtí ìjọba kì í sì kọjá ibi tí ọ̀dà mọ.

Láídé dúró lẹ́bàá ààtàn náà, ó wò ó títí. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, ó yà sí abẹ́ igi ìyeyè ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà abúlé, ó ní kí Jimoh dúró.

"Bí ẹnìkan bá ń gba pàǹtí wọ̀nyí lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan ńkọ́?"

"Ẹnìkan wo?"

"Èmi àti ìwọ."

Jimoh wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Láídé, bísíkíìtì la jọ ń kó jáde tẹ́lẹ̀. Ṣé ibi tí ayé wa wá dé nìyí?"

"Àwọn tó jẹ bísíkíìtì náà ló da ọ̀rá rẹ̀ nù. Ẹrù wa ṣì ni."

Ó ti ro gbogbo rẹ̀ tán. Àpò méjì ni ilé kọ̀ọ̀kan yóò gbà: ohun tí ń jẹrà yóò wà nínú ọ̀kan, ohun tí kì í jẹrà yóò wà nínú èkejì. Ohun tí ń jẹrà yóò padà sí oko àwọn ará abúlé gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Àwọn tí ń ra ike àti agolo pọ̀ ní Agége. Ohun tí wọn kò bá rà ni wọn yóò kó lọ sí ibi tí ìjọba yàn. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò sì máa fi nǹkan díẹ̀ ran iṣẹ́ lọ́wọ́ lóṣooṣù. Ohun tó kù ni ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Jimoh, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fọlárìn, ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó fi ń kó búlọ́ọ̀kù fún àwọn tí ń kọ́lé. Ó gbà láti fún wọn lò, ṣùgbọ́n kò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Ó ní òun kò fẹ́ràn kí á máa fi kẹ̀kẹ́ òun dán ayé wò.

Baálẹ̀ Shuaib náà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó gbọ́ àlàyé wọn lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó bi wọ́n léèrè ohun tí ènìyàn gidi ń fi pàǹtí ẹlòmíràn ṣe, ó tún rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí Jimoh fèsì pé àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó wà ní Ìdí-Ìyeyè. Kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan. Ní Sátidé ìmọ́tótó tí ó parí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ilé tí ó bá fẹ́ wọn yóò gbé àpò rẹ̀ síta, òun yóò sì fẹsẹ̀ òun rìn ká kí òun kà á. Bí ó bá pé ogún, abúlé ti gbà wọ́n. Bí kò bá pé ogún, kí wọ́n kó àpò wọn, kí wọ́n máa bá tiwọn lọ.

"Mọ́kàndínlógún kì í ṣe ogún," ni ó fi kún un.

"Baálẹ̀, mo mọ ohun tí ń jẹ́ iye," ni Láídé dáhùn lórí ìkúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Fọlárìn, ó sì fi àṣẹ tirẹ̀ tì í: bí ó bá pé ogún, kí wọ́n máa lo kẹ̀kẹ́ lọ; bí kò bá pé, ní Sátidé náà gan-an ni kẹ̀kẹ́ òun yóò padà sídìí búlọ́ọ̀kù. Jimoh bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń jíṣẹ́ yìí fún Láídé, ṣùgbọ́n Láídé kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí ó tó lè ra àpò, ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí ó ń dúró dè é níbikíbi.

Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, ilé mọ́kànlá ni ó gbé àpò síta. Ọjọ́ Ẹtì kejì, ó di mẹ́tàlélógún, Jimoh sì ti ń sọ fún Fọlárìn lórí fóònù pé kí ó lọ wá kẹ̀kẹ́ mìíràn rà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n da ẹrù náà sílẹ̀ ní àgbàlá kékeré tí wọ́n ti ń ṣà á ní Agége, ojú Láídé le. Egungun ẹja wà láàárín ike. Ìgò fífọ́ wà láàárín èèpo iṣu. Ẹnìkan tilẹ̀ di òkúta ńlá kan sínú àpò, bóyá kí ó lè dà bí ẹni pé ilé òun ní pàǹtí ju ti aládùúgbò lọ.

"Ilé wo ló di òkúta?" ni ó bi Jimoh.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Àpò ìrẹsì ni gbogbo wọn, ojú kan náà ni wọ́n ní."

Láídé dìde. Ó yọ páálí àtijọ́ kan, ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó sì jókòó ti yíǹkì dúdú. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni ó ń kọ̀wé. Ó kọ ILÉ BÀBÁ ABDULKABIR. Ó kọ ILÉ BÀBÁ OLÚWALÓṢÈYÍ. Ó kọ orúkọ ilé mẹ́tàlélógún ní lẹ́tà gàdàgbà, ó fi téèpù bo ojú wọn kí omi má baà pa á rẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílé iṣẹ́, ó sì lu ihò sí igun kọ̀ọ̀kan fún okùn.

Jimoh gbé ọ̀kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Láídé, bísíkíìtì kọ́ nìyí o."

"Ohun tí kò bá ní àmì—"

"Mo ti gbọ́. Kò ní olówó."

Ní ọjọ́ Ẹtì kẹta, wọ́n so àkọlé mọ́ àpò kọ̀ọ̀kan lọ́rùn bí wọ́n ti ń gbé e sínú kẹ̀kẹ́. Táyà ẹ̀yìn jò lọ́jọ́ náà, nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé àkókò ìrun Jímọ̀ ni wọ́n ń kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí. Àwọn ọkùnrin abúlé wà níta, wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Àwọn ọmọdé sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n ń ka orúkọ tó wà lára àpò sókè ketekete, orúkọ kan tẹ̀lé èkejì, bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Gbogbo àgbàlagbà dákẹ́. Láídé rò pé ètò náà ni ó wú wọn lórí. Ó tilẹ̀ tún ẹ̀wù pupa rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Ẹtì kẹrin, kò sí àpò kan níta.

Wọ́n wa kẹ̀kẹ́ láti ìdí igi ìyeyè dé etí odò, wọ́n padà. Ẹnu ọ̀nà gbogbo mọ́ tónítóní. Wọ́n kí ará ilé, ará ilé dá wọn lóhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, wọ́n béèrè ìlera ọmọ àti ti ìyàwó. Bí wọ́n bá wá béèrè àpò, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń gbà: kò sí pàǹtí lónìí. Ilé mẹ́tàlélógún jẹun fún odidi ọ̀sẹ̀, kò sí èèpo, kò sí ọ̀rá, kò sí agolo. Síbẹ̀, èéfín dúdú ń rú lẹ́yìnkùlé.

"Adìẹ bà lókùn," ni Jimoh wí, "ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Láídé, a ti ṣẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí."

"Kí la ṣe? Àbí owó oṣooṣù tí a ní kí wọ́n san ló pọ̀ lójú wọn?"

"Bí ó bá jẹ́ owó ni, wọn ì bá ti bú wa. Ẹni tó ń bi ọ́ léèrè ìlera ọmọ rẹ báyìí, nǹkan tó wà nínú rẹ̀ ju owó lọ."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Hàmdálàt ni wọ́n gbà lọ. Ìyá ń to ẹ̀pà síse sínú àwo. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó ní kí wọ́n jẹ ẹ̀pà, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan títí àwo náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí Láídé.

"Láídé, kí ni orúkọ bàbá rẹ?"

"Adébísọ́lá ni, Ìyá."

"Bí mo bá kọ Adébísọ́lá sára páálí, tí mo so ó mọ́ ìfun ẹja, tí mo gbé e gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ni wàá ṣe fún mi?"

 Ẹ̀pà tí ó wà lọ́wọ́ Láídé bọ́ sílẹ̀.

Ìyá Hàmdálàt rọra ń bá a lọ, kò gbé ohùn sókè. Ó ní ọ̀rọ̀ náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta, kò sì sí èyí tó kéré nínú wọn. Èkíní, orúkọ kì í bá ẹ̀gbin gbé. Bí Yorùbá bá fẹ́ fi ẹnìkan wọ́lẹ̀, ààtàn ni wọ́n ń fi í wé. Bàbá Olúwalóṣèyí fi ọdún mẹ́sàn-án retí ọmọ kí ó tó sọ ọ́ ní orúkọ náà, kò sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí á lè gbé e kọ́ àpò èèpo lọ́rùn. Èkejì, orúkọ Ọlọ́run Ọba wà nínú Abdulkabir. Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí ìwé tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wà lára rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lásán, ká má tilẹ̀ sọ pé kí ó gun orí pàǹtí kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Bàbá Abdulkabir sì ni ládàánì. Òun ni ó dìde pe ìrun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ kò sì já gaara.

"Ẹ̀kẹta ńkọ́, Ìyá?" ni Jimoh béèrè.

"Ẹ̀kẹta ni kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún yín, nítorí ojú ń tì wọ́n. Ìgbálẹ̀ yàrá wà nínú àpò yẹn. Irun tí ìyàwó ọmọ mi yà, èékánná tí mo gé, irun orí àkọ́kọ́ tí wọ́n fá fún ọmọ tuntun. Nígbà tí ó wà láìlórúkọ, pàǹtí ni. Ìwọ wá kọ orúkọ onílé sí i, o gbé e jáde lábúlé. Ta ló mọ ọwọ́ tó máa bọ́ sí?"

"Ìyá, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi irun ẹnikẹ́ni ṣe."

"Mo mọ̀. Gbogbo wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí wọn kò ti dá ọ mọ̀, o kò lè sọ pé kí wọ́n fi orí ọmọ wọn gbà ọ́ gbọ́."

Láídé bo ojú rẹ̀. Ó bi Ìyá léèrè ohun tí òun lè ṣe, nítorí ọjọ́ mẹ́jọ péré ni ó kù. Ìyá ní ẹ̀bẹ̀ kò le: òun yóò mú un lọ láti ilé dé ilé. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ kó orúkọ àwọn ènìyàn jáde nínú ìdọ̀tí. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ òfo wá bẹ ládàánì, yóò padà pẹ̀lú ọwọ́ òfo.

Bí wọ́n ti ń sọ èyí lọ́wọ́, àgbébọ̀ adìẹ kan wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀pà tí ó bọ́ sílẹ̀. Ìyá fi ẹsẹ̀ lé e. "Padà sí ilé Ládàánì, kí o lọ jẹ tìrẹ níbẹ̀."

Láídé gbé ojú sókè. "Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé adìẹ Ládàánì ni?"

"Ṣé o kò rí àkísà pupa tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni? Aláwọ̀ ewé ni tèmi. Ti Bàbá Olúwalóṣèyí ni aláró. Onílà funfun ni ti Baálẹ̀. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò mọ̀ ọ́n lábúlé yìí."

"Gbogbo ilé ló ní tiẹ̀?"

"Gbogbo ilé tó ń sin adìẹ. Ta ni kì í sin adìẹ?"

 Láídé ń wo ẹsẹ̀ adìẹ náà títí ó fi jáde. Jimoh náà wò ó, ó wá mi orí.

"Ọdún mọ́kàndínlógún lo fi ń kọ́ àmì ṣíṣe n'Íkẹjà," ni ó wí. "Adìẹ ló wá parí ẹ̀kọ́ rẹ. Ẹ̀wù rẹ sì rèé, pupa fòò. Bí o bá pẹ́ níta, ilé Ládàánì ni wọn yóò lé ọ lọ."

Lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ni wọ́n fi tú àgbàlá Agége. Nígbà tí Jimoh ń gé àkọlé wọ̀nyẹn kúrò lọ́rùn àpò, inú òkìtì ni ó ń jù wọ́n sí, òkìtì náà kò sì tíì lọ síbi tí ìjọba yàn. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n fi aṣọ bo imú, wọ́n sì ń yọ orúkọ ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ike àti egungun. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, méjìlélógún ti wà nínú omi ọṣẹ. Ti Ládàánì kò sí níbẹ̀. Jimoh ní kí wọ́n kọ òmíràn, kí wọ́n fi ọwọ́ ra á kí ó lè dà bíi ti àtijọ́. Láídé kọ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti rí i, nígbà tí ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́, lábẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi di ẹja. Téèpù kò jẹ́ kí lẹ́tà kan ṣoṣo parẹ́. Láídé fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìyá Hàmdálàt ṣe bí ó ti wí. Ó mú wọn wọ ilé mẹ́tàlélógún. Láídé kúnlẹ̀, Jimoh dọ̀bálẹ̀, wọ́n dá orúkọ onílé padà nínú àpòòwé funfun. Láídé tún sọ ìlànà tuntun fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a bá gbá nínú yàrá kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Kí onílé rì í mọ́lẹ̀ nínú ọgbà tirẹ̀. Ọ̀rá, ike, agolo àti èèpo oúnjẹ nìkan ni àwọn yóò máa gbà. Kò sí orúkọ mọ́. Àkísà tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ń dá adìẹ rẹ̀ mọ̀ ni kí ó so mọ́ àpò rẹ̀. Ará abúlé yóò mọ olówó rẹ̀, àlejò kò ní mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ ti adìẹ. Bàbá Olúwalóṣèyí tilẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ni òun di òkúta, ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣí i wò.

Ládàánì kò rẹ́rìn-ín. Ó gba àpòòwé náà, ó yọ páálí inú rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Mélòó lẹ kọ?"

"Mẹ́tàlélógún ni, Bàbá."

"Mélòó lẹ rí?"

"Mẹ́tàlélógún."

"Tèmi lẹ kọ́kọ́ rí?"

Láídé fẹ́ purọ́, kò lè purọ́. "Tiyín la rí kẹ́yìn, Bàbá. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i."

"Jimoh níhìn-ín, ọmọ Mùsùlùmí ni ìwọ. O rí orúkọ yìí tí obìnrin yìí ń kọ ọ́. Kí lo sọ?"

"Mo sọ pé kì í ṣe bísíkíìtì, Bàbá," ni Jimoh dáhùn láti ilẹ̀ tí ó dọ̀bálẹ̀ sí. "N kò sọ ọ́ tó."

 Ládàánì ká páálí náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́. "Mo gbọ́," ni ó wí, ó sì wọlé. Wọn kò mọ̀ bóyá ó dáríjì wọ́n tàbí kò dáríjì.

Wọn kò gba àpò kankan ní ọjọ́ Ẹtì karùn-ún. Sátidé ni gbogbo ènìyàn ń retí. Ilẹ̀ mọ́, Fọlárìn ti dé láti Agége, ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi ìyeyè pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ṣòkòtò. Ó ní kí wọ́n má bínú, ẹnìkan ń retí búlọ́ọ̀kù ní Maryland. Baálẹ̀ Shuaib jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn láti etí odò, àwọn ará abúlé sì tẹ̀lé e. Láídé àti Jimoh kò bá wọn rìn. Ìdí igi ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń gbọ́ bí àwọn ọmọdé ti ń ka iye náà bọ̀ láti òkèèrè.

Àwọ̀ ewé. Aláró. Onílà funfun. Òféèfèé kan tí wọ́n gé lára aṣọ ìkélé. Mẹ́wàá pé. Láídé di ọwọ́ Jimoh mú, kò mọ̀ pé òun dì í mú. Mẹ́rìndínlógún. Méjìdínlógún. Ìdílé mélòó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn láìgbé nǹkan síta, wọ́n sì kí Baálẹ̀ bí ó ti ń kọjá. Mọ́kàndínlógún ni àwọn ọmọ kà kẹ́yìn, wọ́n sì dákẹ́, nítorí ilé kan ṣoṣo ni ó kù kí á dé ìdí ìyeyè. Ilé Ládàánì ni. Kò sí àpò níwájú rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì.

Baálẹ̀ dúró. Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Mọ́kàndínlógún," ni ó wí, ó sì yíjú sí Láídé. "Ọmọ mi, o rántí ohun tí mo sọ."

"Mo rántí, Baálẹ̀."

Fọlárìn rọra yọ kọ́kọ́rọ́ jáde.

Ìgbà náà ni nǹkan fọ́ gbàràmù lẹ́yìnkùlé Ládàánì. Adìẹ kan ké, garawa kan yí, ohùn tí gbogbo abúlé mọ̀ láti orí mọ́ṣáláṣí sì dún ketekete pé kí ẹnìkan dènà, kí ẹnìkan dènà lápá ibẹ̀ yẹn. Àgbébọ̀ kan fò yọ láti igun ilé. Ládàánì yọ tẹ̀lé e, ó ká agbádá sí èjìká méjèèjì, fìlà rẹ̀ ti wà lórí etí. Adìẹ náà gba abẹ́ ọ̀pá Baálẹ̀ kọjá. Ó yí igi ìyeyè po lẹ́ẹ̀mejì. Nígbẹ̀yìn ni Jimoh, tí ó ti ń fi ọkọ̀ kékeré lé páálí kiri ilé ìkẹ́rùsí fún ọdún púpọ̀, tẹ̀ ba, ó sì gbá a mú ní ìyẹ́ méjèèjì.

Ládàánì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó tú àkísà pupa kúrò lẹ́sẹ̀ adìẹ, ó padà sílé, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ó gbé àpò jáde, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ilé, ó so àkísà náà mọ́ ọn lọ́rùn. Adìẹ ṣì wà lábíyá rẹ̀.

"Pupa tó kù nílé wa nìyí," ni ó wí fún Baálẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti kírun àárọ̀ ni mo ti ń lé e. Ẹ ka ogún."

Àwọn ọmọdé kà á kí Baálẹ̀ tó lanu. Ariwo náà kàn mọ́ igi ìyeyè. Fọlárìn wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀, ó wá jù ú sí i. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá Hàmdálàt bóyá ọkọ̀ ń lọ sí Maryland láti ibẹ̀.

Láídé fẹ́ kúnlẹ̀ fún Ládàánì, ṣùgbọ́n ó ní kí ó má kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀.

"Adìẹ mi kò ní àkísà mọ́. Ta ni yóò mọ̀ pé tèmi ni?"

Láídé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó di etí àpò ẹ̀wù pupa rẹ̀ mú, ẹ̀wù tí ó fi ọdún mọ́kàndínlógún wọ̀ ní Ìkẹjà, ó fà á ya ní gbọọrọ, ó sì tẹríba so ó mọ́ ẹsẹ̀ adìẹ náà. Ó so ó le, ó fà á wò, ó tún un so.

"Ẹ jẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa," ni Jimoh sọ fún Ládàánì. "Bí kò bá ní àmì, kò ní jẹ́ kó kọjá."

Ládàánì rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sọ adìẹ kalẹ̀. Adìẹ gbọn ìyẹ́, ó wo àkísà tuntun náà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé Ìyá Hàmdálàt lọ tààrà, níbi tí ẹ̀pà wà.